Wàrà Ràkúnmí Kì í Ṣe Oògùn Àtọ̀gbẹ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ara níbí ò tíì fojú kan ràkúnmí rí, àfi nínú fọ́tò. Síbẹ̀, wàrà ràkúnmí ti wọ ilé wa, inú agolo ló bá wọlé.

Ilé tiwa ló ti ṣẹlẹ̀. Ìyá àgbà mi ní àtọ̀gbẹ, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ọsibítù. Ní sáà tó kọjá, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì láti Ẹdẹ lọ sí Òṣogbo. Ọkùnrin kan dìde nínú ọkọ̀, ó ń polówó wàrà ràkúnmí tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ó ní ínsúlínì wà nínú ẹ̀, pé ẹni tó bá ń mu ún ò nílò oògùn òyìnbó mọ́. Owó tó yẹ kí Ìyá àgbà fi ra oògùn oṣù yẹn ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Wọ́n ń mu omi, òùngbẹ ò lọ. Nígbà tí a gbé wọn dé ọsibítù, ṣúgà ara wọn ti ga kọjá ààlà. Ọpẹ́ ni pé wọ́n ti wà nílé báyìí.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan, ó ní, "Ṣebí àwọn onísáyẹ́ǹsì náà sọ pé ó dáa?" Mo wá lọ kàwé.

Ohun tí mo rí nìyí. Pùrótéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín gígùn. Tí a bá mu wàrà, ikùn wa á gé e sí wẹ́wẹ́. Àwọn gígé kéékèèké yẹn ni wọ́n ń pè ní peptide. Nínú láàbù, àwọn onímọ̀ rí i pé díẹ̀ nínú peptide wàrà ràkúnmí lè dí ẹ́ńsáìmù kan lọ́wọ́, èyí tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ru. Òótọ́ ni. Àmọ́ inú ife láàbù kọ́ ni inú ara Ìyá àgbà mi. Ohun tó ṣiṣẹ́ nínú ife, ikùn lè tún gé e kó tó dénú ẹ̀jẹ̀.

Ínsúlínì tí ọkùnrin yẹn ń pariwo ńkọ́? Ìlẹ̀kẹ̀ lòun náà, ẹyọ 51 ló wà lára ẹ̀. Tí a bá gbé e mì, ikùn á gé e bó ṣe ń gé ẹran àti ẹ̀wà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ẹni tó kọ́kọ́ gbà á ní Toronto ní 1922. Irú ọjọ́ orí wa ni! Kódà ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti fún àwọn alátọ̀gbẹ ní wàrà ràkúnmí láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi kún ínsúlínì wọn ni, wọn ò fi rọ́pò ẹ̀.

Mi ò sọ pé wàrà ràkúnmí burú o. Oúnjẹ ni, àwọn darandaran lókè Ọya ti ń mu ún tipẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pùrótéènì la ń wá, wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń fi ewé bọmubọmu dì fún wa lọ́jà náà ní in, peptide ń jáde lára tiẹ̀ náà, kò sì wọ́n tó agolo yẹn. Ká ṣáà sè é tàbí ká dín in dáadáa.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, kí ọmọdé má dá sí i. Ta ló wá máa ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo fún wọn? Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá délé lónìí, ẹ wo ohun tí àwọn àgbà ń lò. Nọ́ńbà NAFDAC lára oúnjẹ ò sọ ọ́ di oògùn. Tó bá rú yín lójú, ẹ gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó dáwọ́ oògùn wọn dúró. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa sọ ọ́ nípàdé òbí.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àìsàn ń já àwọn àgbà wa láyà. Ẹ jẹ́ ká máa bá wọn ríran.