Olú Ti Wà Nínú Òkìtì Yín Tẹ́lẹ̀

Sí ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tákàdá tó ń fi ẹ̀rọ lọ igi,

Ẹ kú ìnáwó iná mànàmáná, torí òun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ ti gé igi wẹ́wẹ́, ẹ kó o jọ sí gbangba. Ibẹ̀ ló máa ń wà fún ọjọ́ pípẹ́ kó tó kan ẹ̀rọ. Òkìtì á gbóná láti inú wá, á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, olú asáko tí ẹnikẹ́ni ò pè á sì máa jẹ ẹ́. Ìpamọ́ lẹ pe ìyẹn. Lẹ́yìn náà lẹ óò wá fi iná rẹpẹtẹ lọ igi tó le koránkorán.

Lígínì ló mú un le, àtè tó lẹ àwọn fọ́nrán igi mọ́ra. Olú kan wà tó fẹ́ràn àtè yìí ju fọ́nrán lọ: Ceriporiopsis subvermispora. Ní 1987 ni ibùdó ìwádìí igi ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Madison, ìpínlẹ̀ Wisconsin, bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ilé-iṣẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi ooru omi híhó pa olú asáko, igi tutù, wọ́n wá wọ́n olú tiwọn sí i. Tọ́ọ̀nù kan kò gbà tó gíráàmù 5, pẹ̀lú díẹ̀ nínú omi tí wọ́n fi rẹ àgbàdo. (Ìyá ológì ò ní ṣàì dá a mọ̀: omidùn ni.) Wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí òkìtì kí ooru má pa olú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, iná tí ẹ̀rọ jẹ dín ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100. Wọ́n sì ti dán an wò ní ìta gbangba, lórí òkìtì tó tó tọ́ọ̀nù 40.

Ẹ óò ní olú náà ń mú igi ṣú. Òótọ́ ni, kẹ́míkà tí yóò sọ ọ́ di funfun á lé sí i. Àmọ́ bó bá jẹ́ páálí lẹ ń ṣe, ta ló ń wo àárín rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àyè ni mo gbà fún yín. Ẹni tó ń lọ tọ́ọ̀nù 500 lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní 7,000 nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo rẹ̀. Owó ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú yín ti ní àyè náà, olú asáko lẹ fi ṣe lálejò.

Ẹ ya òkìtì kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún olú yìí. Kí ẹ wá ka mítà iná rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èyí tó kù.