Ẹlẹ́ǹgà, Èèrà àti Ọmọ Tí À Ń Pè Ní Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá ń wá eré kátúùnù kúkúrú tí tẹbí-tọmọ lè jọ wò lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wá The Grasshopper and the Ants, tí ilé-iṣẹ́ Walt Disney gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1934. Wilfred Jackson ló darí rẹ̀. Pinto Colvig, tó tún jẹ́ ohùn Goofy, ló sọ̀rọ̀ fún ẹlẹ́ǹgà. Kò tó ìṣẹ́jú 10.

Nígbà tí oòrùn ń ràn, tí oúnjẹ pọ̀, àwọn èèrà ń kó tiwọn pamọ́. Ẹlẹ́ǹgà ń ta gòjé òyìnbó, ó ń jó kiri. Ó tilẹ̀ tan èèrà kan títí tó fi gbé ẹrù sílẹ̀, tó ń bá a jó. Ọbabìnrin èèrà kìlọ̀ fún un pé ìgbà òtútù ń bọ̀, ó fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Yìnyín bo ilẹ̀, ebi dé, ẹlẹ́ǹgà sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèrà.

Nínú àlọ́ Aesop ará Gíríìsì, tí wọ́n ti mú ìtàn yìí, ẹ̀gàn nìkan ni èèrà fún un. Nínú eré yìí, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ omi gbígbóná, wọ́n sì fún un lóúnjẹ. Ọbabìnrin wá sọ fún un pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló lè bá wọn gbé. Nítorí náà, kó gbé gòjé rẹ̀, kó máa ta á.

Ibí yìí ló wù wá jù. Ọwọ́ òsì ni a fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Gòjé tó fi ṣòfò náà ló padà di iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ kan wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń lu tábìlì bí ìlù, tàbí tó ń ya àwòrán sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ bá a wí bí iṣẹ́ bá ń dúró dè é. Àmọ́ bí orúkọ ọ̀lẹ bá mọ́ ọn lára, ó lè gbà pé kò sí iṣẹ́ tí òun lè ṣe.

Lẹ́yìn eré, ẹ bi àwọn ọmọ pé: ta ló ru ẹrù èèrà tó ń jó? Ṣé ó yẹ kí ọbabìnrin lé ẹlẹ́ǹgà jáde? Iṣẹ́ wo ni ọwọ́ tìrẹ lè ṣe fún ilé yìí? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn wọn.