Kí Òtítọ́ Tètè Dé Ọjà

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ní ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó, àhesọ gba ìlú pé kí tẹrú tọmọ máa mu omi iyọ̀ kí àrùn náà má baà mú wọn. Ó kéré tán, ènìyàn méjì ni omi iyọ̀ náà pa.

A kò pe àwọn tí ó mu ún ní òmùgọ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, èké sì ti dé etí wọn ṣáájú òtítọ́. Kò tó kí aláṣẹ sọ pé kí a má mu ún. Kí ó sọ ìdí rẹ̀: inú ẹ̀jẹ̀, èébì àti omi ara aláìsàn ni Ebola ti ń ran ẹlòmíràn. Iyọ̀ kò lè dá a dúró, àpọ̀jù iyọ̀ sì ń pani.

Àlàyé láti ojúlé dé ojúlé, àti ṣíṣọ́ àwọn tí ó fara kan aláìsàn fún ọjọ́ 21, ni ó ká àrùn náà lọ́wọ́ kò. Ènìyàn 20 ni ó mú, 8 kú.

Èrò tiwa ni pé kí ìjọba tètè sọ ohun tí ó mọ̀, kí ó sì jẹ́wọ́ ohun tí kò tíì mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má fi àìsàn ṣe ohun ìjà ìbò. Àrùn kì í wo káàdì ẹgbẹ́ kí ó tó wọlé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n máa bèèrè pé: ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀, báwo ni ó sì ṣe mọ̀?