Ẹ Gbé E Sára Ọkọ̀ Wò Kẹ́ Ẹ Tó Kùn Ún

Ẹ gbọ́ ná. Bí bọ́ńpà, fẹ́ńdà tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì tuntun bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, pẹ́ńtà kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé. Ara ọkọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn. Ẹ gbé e sí àyè rẹ̀ bó ṣe wà, kí ọ̀dà kankan tó kàn án. Ẹ dè é, kẹ́ ẹ wò ó yípo. Ìgbà tó bá jókòó dáadáa ni kẹ́ ẹ tó tú u, kẹ́ ẹ wá kùn ún. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àfikún wàhálà lásán nìyẹn. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, sáyẹ́ǹsì sì wà lẹ́yìn mi.

Ẹ jẹ́ ká fi Masifa, nítòsí Èjìgbò, ṣe àpẹẹrẹ. Bí nǹkan bá gbá iwájú ọkọ̀ èèyàn níbẹ̀, kò ní wá pánẹ́ẹ̀lì bítà àti pẹ́ńtà lọ títí. Bọ́ńpà ló máa ń jìnnà. Ó lè jẹ́ Òṣogbo ni wọ́n ti máa rà á, ó lè jẹ́ Ìbàdàn, ó sì lè jẹ́ ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin l'Ékòó, kí wọ́n fi wéèbíìlì gbé e sínú mọ́tò. Kó tó dé, ara ti ń kán gbogbo èèyàn. Onímọ́tò fẹ́ padà sójú ọ̀nà, pẹ́ńtà sì ti po ọ̀dà. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká kùn ún kó máa gbẹ, a ó dè é lọ́la." Ọ̀la ọ̀hún ni ihò bóòtù ò ní bára mu. Ẹni tó tà á ò sì ní gbà á padà mọ́, torí ta ló fẹ́ ra bọ́ńpà tí wọ́n ti kùn ní àwọ̀ ọkọ̀ ẹlòmíì?

Kí ló dé tí ohun tuntun ò fi ní wọ̀? Ìdí mẹ́rin ni mo rí.

Àkọ́kọ́, àdàkọ ni. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ tuntun tó wà lọ́jà, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ́ ló ṣe wọ́n. Táíwàn àti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá. Àwọn tó ń ṣe wọ́n kì í sábà ní àwòrán ìṣẹ̀dá ti Toyota tàbí Honda lọ́wọ́. Wọ́n á ra ojúlówó kan, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi ìwọ̀n yẹn ṣe mọ́ọ̀dù tiwọn. Bí àṣìṣe kékeré bá wà nínú mọ́ọ̀dù, gbogbo bọ́ńpà tó bá tinú rẹ̀ jáde ló máa jogún rẹ̀.

Ìkejì wà nínú rọ́bà fúnra rẹ̀. Ṣíṣú kan tó ń jẹ́ polypropylene ni wọ́n sábà fi ń ṣe bọ́ńpà òde òní. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á tì í sínú mọ́ọ̀dù, bó bá sì ṣe ń tutù ló ń súnkì. Èyí tí wọn ò bá po nǹkan mìíràn mọ́ lè súnkì tó ìdá 1 sí 2 nínú 100. Ọkọ̀ Corolla fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.7, ìdá 1 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 17. Torí náà, ẹni tó ń ṣe mọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ mú un tóbi ju bọ́ńpà tó fẹ́ lọ. Bó bá fi ìdá 0.3 péré nínú 100 ṣì í ṣírò, bọ́ńpà náà ti fi mílímítà 5 yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ẹ̀yà kan àti ìkejì kì í sábà ju mílímítà díẹ̀ lọ.

Ìkẹta, orúkọ kan náà, ara ọ̀tọ̀. Corolla tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láàárín 2003 sí 2008 gùn ju ti Yúróòpù ìgbà náà lọ, iwájú wọn ò sì jọra. Ọ̀rọ̀ yìí kan agbègbè Èjìgbò gan-an, torí ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ti ń lọ ṣiṣẹ́ ajé ní Àbíjàn. Ọkọ̀ tí ẹnì kan wà wálé láti ibẹ̀ lè jẹ́ ti Yúróòpù, kí bọ́ńpà tí wọ́n tà fún un l'Ékòó sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Torí náà, orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ nìkan ò tó. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáṣíìsì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tajà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló wà níbẹ̀. Bó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. Bó bá jẹ́ 2, Kánádà ni. Bó bá jẹ́ J, Japan ni. Kò ní sọ gbogbo ẹ̀ fún yín, àmọ́ ó máa dín ìfọ̀rọ̀méfò kù.

Ìkẹrin ni mo kà sí jù: ẹ̀yà tuntun lè tọ́, kó jẹ́ pé ọkọ̀ gan-an ló wọ́. Ìkọlù tó fọ́ bọ́ńpà lè ti irin tó gbé rédíétọ̀ dúró sẹ́yìn díẹ̀, kójú má sì tètè rí i. Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n láti igun iwájú ọ̀tún dé igun ẹ̀yìn òsì níbi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí, kẹ́ ẹ tún wọn ti òdì kejì. Apá méjèèjì iwájú ọkọ̀ yẹ kó dọ́gba, torí náà ó yẹ kí okùn méjèèjì náà dọ́gba. Bí wọn ò bá dọ́gba, bọ́ńpà mẹ́wàá lẹ lè rà, kò séyìí tó máa wọ̀ níbẹ̀. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fa ọkọ̀ padà. Ẹ ò rí i pé gbígbé e wò kì í ṣe àyẹ̀wò bọ́ńpà nìkan? Ọkọ̀ náà là ń yẹ̀ wò.

Oòrùn náà ní tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń wú bó bá gbóná, àmọ́ rọ́bà ń wú ju irin lọ fíìfíì. Fún ìdá dígírì Celsius kọ̀ọ̀kan, irin ń gùn sí i ní nǹkan bí ìdá 12 nínú mílíọ̀nù kan. Rọ́bà bọ́ńpà lè tó 60 sí 100, bí ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn bá ṣe rí. Ká ní wọ́n de bọ́ńpà yìí ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí oòrùn ọ̀sán wá pa á títí ó fi gbóná sí i ní dígírì 40. Irin tó gùn tó mítà 1.7 ò ní fi mílímítà kan gùn sí i. Bọ́ńpà á fi mílímítà 4 sí 7 gùn. Bí wọ́n bá ti fi agbára kì í mọ́ àárín fẹ́ńdà méjì láàárọ̀, ibo lẹ fẹ́ kó gbà lọ́sàn-án? Á tẹ̀ síta ni, tàbí kó já kílíìpù.

Ẹ wá wo ọ̀dà tí wọ́n sáré kùn. Gbogbo ìpele ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ fi ń kun ọkọ̀ ò ju nǹkan bíi mílímítà 0.1 sí 0.15 lọ. Bí ẹ bá fi agbára tẹ bọ́ńpà tí wọ́n ti kùn, ọ̀dà lè là. Rọ́bà yìí gan-an kì í fẹ́ kí ọ̀dà di òun mú. Bí omi ṣe ń yí lórí ewé kókò ni ọ̀dà ń ṣe lórí rẹ̀ bí wọn ò bá kọ́kọ́ fi práímà rọ́bà sí i. Ti irin tún le jù. Bí ẹ bá fi fáìlì há etí fẹ́ńdà tàbí lu ihò tuntun sí i lẹ́yìn ọ̀dà, irin ti wà níhòòhò. Ìpẹtà sì ń gba àyè tó ju ìlọ́po méjì irin tó jẹ lọ, ìyẹn ló fi ń ti ọ̀dà sókè, tá á máa wú bí ara tí iná jó.

Èyí tó ká mi lára jù ni ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà ọkọ̀ tí wọ́n ń po hádínà mọ́ ló ní kẹ́míkà tó ń jẹ́ isocyanate, tó lè fa ikọ́ fée. Aṣọ tí wọ́n dì mọ́ imú ò lè dí i lọ́nà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá há ọ̀dà kúrò tí wọ́n tún un kùn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan ló tún ń fà á símú lẹ́ẹ̀kejì, nítorí wákàtí kan táwọn àgbà kọ̀ láti lò.

Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ. Wọ́n á ní ẹni tó mọṣẹ́ ò nílò rẹ̀, ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ojú àwọn ọ̀gá wa mọṣẹ́ lóòótọ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, àjọ kan tó ń jẹ́ CAPA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987 láti máa fọwọ́ sí irú ẹ̀yà báyìí, kì í fojú wò ó lásán. Orí ọkọ̀ gidi ni wọ́n ń gbé e sí wò. Àwọn mìíràn á ní ìwé ẹ̀rí ló yẹ ká máa bèèrè. Ó dáa, àmọ́ ìwé ẹ̀rí ò mọ ọkọ̀ tiyín tí wọ́n ti gbá.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e wò, ẹ ṣe é tán. Ẹ fi iná iwájú méjèèjì àti gíríìlì sí i. Ẹ fi bóòtù mú un, ẹ má tíì fún un pinpin. Ẹ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀mẹta, kó dá yín lójú pé ìkọ́ rẹ̀ mú, torí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí lójú eré lè bo gíláàsì iwájú, kí awakọ̀ má rí nǹkan kan mọ́. Ẹ wo àlàfo ọ̀tún àti tòsì bóyá wọ́n dọ́gba. Bó bá ku ohun tí wọ́n máa há tàbí gé, àsìkò yẹn gan-an ni. Ẹ tú u lẹ́yìn náà, kí wọ́n kùn ún nílẹ̀, kí ọ̀dà lè dé gbogbo etí rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́kọ̀ ni mo sì ń bá wí jù. Pánẹ́ẹ̀lì bítà ò ní fi wákàtí kan ṣòfò bẹ́ ẹ bá ń pè é ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú pé "ṣé ó ti tán?" Ẹ ka owó gbígbé e wò mọ́ owó iṣẹ́. Ẹ bá ẹni tó ń tajà ṣe àdéhùn kẹ́ ẹ tó sanwó, pé bí kò bá wọ̀, ẹ ó dá a padà láìkùn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Ti bọ́ńpà ò yàtọ̀.