Ayálégbé Ni Wá Níbẹ̀: Ìkéde Àwa Akọ̀ròyìn

Ojú àwa tí a ń fi Twitter wá ìròyìn ti rí màbo. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba Nàìjíríà ti ìkànnì náà pa, àjọ NBC tó ń mójú tó ètò orí afẹ́fẹ́ sì pàṣẹ pé kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n má fi wá ìròyìn mọ́. Oṣù Kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Kí ọdún náà tó parí, Elon Musk ti fi bílíọ̀nù 44 dọ́là rà á, ó sì ti lé àwọn akọ̀ròyìn kan jáde fúngbà díẹ̀, tí ti New York Times àti CNN wà lára wọn.

Nítorí náà, a kéde pé ilé tiwa ni ìròyìn wa yóò kọ́kọ́ wọ̀: sáìtì tí a fi orúkọ ara wa rà. Ayálégbé ni wá lórí X (orúkọ tuntun tí Twitter ń jẹ́), lórí Facebook, àti lórí Bluesky tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń kó lọ. Onílé lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lóru.

Ọ̀rọ̀ tí a bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, a ó dà á kọ, a ó ya àwòrán rẹ̀, a ó kọ ọjọ́ àti aago sí i. Nígbà tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ tí Buhari, tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, sọ nípa ogun abẹ́lé, líǹkì lásán ló kù lọ́wọ́ ẹni tí kò ya àwòrán.

A ò ní fi àmì búlúù orí X mọ èèyàn mọ́. Láti ìparí ọdún 2022 ni èèyàn ti lè fi owó rà á. A ó pe onítọ̀hún lórí fóònù. (Àwọn kan nínú wa náà rà á. A ò bá wọn jà, kí wọ́n ṣáà má pè é ní ìwé ẹ̀rí.)

Ilé iṣẹ́ rédíò NPR ti Amẹ́ríkà kúrò lórí X ní ọdún 2023, The Guardian ti London tẹ̀ lé e ní 2024. A ò bú wọn, ṣùgbọ́n a ò ní kó kúrò. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ké sí ayé nígbà ìfẹ̀hónúhàn EndSARS ní 2020, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ṣì ń ké sí. Etí wa yóò máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò ní máa gba àṣírí ẹni tó bá fọkàn tán wa níbẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ yé fi iye ọmọlẹ́yìn díwọ̀n iṣẹ́ wa. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra àmì búlúù, ẹ fi tún sáìtì wa ṣe, kó má baà dákú lọ́jọ́ ìdìbò.