Delta mélòó ló wà? Orúkọ kan tó ń da ọ̀rọ̀ rú láti Coconut dé Ìlàjẹ

Bí èèyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ Coconut, lójú òpópónà márosẹ̀ tó gba Mile 2 lọ sí èbúté Tin Can ní Àpápá, tó sì pariwo orúkọ kan ṣoṣo, "Delta!", ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tí etí kálukú yóò gbọ́. Awakọ̀ tírélà tó ń dúró de ẹrù yóò rò pé Warri tàbí Asaba ni wọ́n ń rán òun lọ. Àjẹ́ńtì tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù lọ́wọ́ aṣọ́bodè yóò rántí àwọn èbúté Delta, ìyẹn Warri, Sapele, Koko àti Burutu. Ẹni tó lọ́mọ ní Amẹ́ríkà yóò rántí bàálù tó ń fò láàrin Èkó àti Atlanta. Nọ́ọ̀sì yóò rántí àrùn Kòrónà ọdún 2021. Ọmọ iléèwé yóò rántí àmì onígun mẹ́ta tí olùkọ́ ìṣirò máa ń yà sójú pátákó. Nítòsí ibẹ̀, ní Ajégúnlẹ̀, onílé yóò rántí àwọn ayálégbé rẹ̀ tó ń sọ èdè Ijaw, Urhobo tàbí Isoko, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní "ará Delta", yálà ìpínlẹ̀ Delta ni wọ́n ti wá o, tàbí ibòmíràn.

Àwọn àgbà ló sọ pé orúkọ a máa ro ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bíi mẹ́wàá tí kò bá ara wọn tan bá ń jẹ́ orúkọ kan náà ńkọ́? Àwọn kan wà nínú wọn tí ìjọra orúkọ náà kò pa lára rárá. Àwọn kan sì wà tí orúkọ yìí ti bo ẹ̀tọ́ wọn mọ́lẹ̀, débi pé àwọn tó yẹ kó bá wọn sọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ará ilé àwọn ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ Delta ti kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n nìyẹn.

Lẹ́tà kẹrin ni delta nínú lẹ́tà tí àwọn ará Gíríìsì fi ń kọ èdè wọn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá, igun mẹ́ta ló ní. Òpìtàn wọn kan, Herodotus, tó gbé láyé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ó lé irínwó ọdún sẹ́yìn, lo orúkọ lẹ́tà yìí fún ilẹ̀ tó wà níbi tí odò Náílì ti ń wọ òkun ní Íjíbítì, nítorí pé odò náà ń ya sí ẹ̀ka, ilẹ̀ tó wà láàrin àwọn ẹ̀ka náà sì rí bí igun mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ibikíbi tí odò ńlá bá ti ya bẹ́ẹ̀ kó tó wọ òkun ní delta. Odò Ọya náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ya sí odò Nun àti odò Forcados, àwọn náà tún ya sí àìmọye ẹ̀ka, kí gbogbo wọn tó bọ́ sínú òkun. Ohun tí wọ́n ń pè ní Niger Delta nìyẹn.

Èyí fi hàn pé orúkọ ìrísí ilẹ̀ lásán ni delta. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà, kì í ṣe orúkọ ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ ọba kankan. Bóyá nítorí pé kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni gan-an ló ṣe jẹ́ pé, nígbà tí àwọn aláṣẹ bá fẹ́ paná ìjà, orúkọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sáré mú.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìtàn ilẹ̀ yìí. Lọ́dún 1952, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú, tí ẹgbẹ́ Action Group sì ń darí, wọ́n yí oyè Olu àwọn Itsekiri padà sí Olu Warri. Inú bí àwọn Urhobo àti àwọn ẹ̀yà mìíràn, torí pé Warri lorúkọ tí gbogbo agbègbè náà ń jẹ́ nígbà náà. Wọ́n ní bí wọ́n bá fi Warri ṣe orúkọ oyè ọba kan, a jẹ́ pé ọba náà ti di olórí gbogbo àwọn nìyẹn. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀. Láti pẹ̀tù sí i, ìjọba fi oyè náà sílẹ̀ bó ti wà, ó sì mú orúkọ Warri kúrò lára agbègbè náà, ó sọ ọ́ ní Delta Province. Orúkọ tí kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni ni wọ́n fi làjà.

Lẹ́yìn tí wọ́n gé Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1963, orúkọ náà kò parẹ́. Nígbà tí ìpínlẹ̀ náà di Bendel lọ́dún 1976, àpapọ̀ Benin àti Delta ni Bendel. Nígbà tó sì di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida pín Bendel sí méjì, ìpínlẹ̀ Edo àti ìpínlẹ̀ Delta. Ọjọ́ yẹn ni ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo gba orúkọ tó jẹ́ ti gbogbo ẹnu odò. Àwọn tó wà ní Rivers nígbà náà, títí kan àwọn tó di ará Bayelsa lọ́dún 1996, wà nínú delta náà gan-an, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà lo ọgbọ́n kan náà ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2021. Nígbà náà, ẹ̀yà kòkòrò Kòrónà tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Íńdíà ní 2020 ń tàn kálẹ̀, orúkọ Íńdíà ni gbogbo ayé sì fi ń pè é. Àjọ náà ní orúkọ bẹ́ẹ̀ ń ba orílẹ̀-èdè jẹ́, ó sì fi lẹ́tà Gíríìkì rọ́pò rẹ̀. Ti Íńdíà di Delta. Ẹ̀yà kan tí wọ́n rí ní Nàìjíríà àti Bìrìtìkó ní ìparí ọdún 2020 náà bọ́ lọ́wọ́ orúkọ búburú, ó di Eta. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún 2021, àjọ tó ń dènà àrùn nílẹ̀ yìí, NCDC, kéde pé Delta ti wọ Nàìjíríà. Wọ́n yọ orúkọ Íńdíà kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, orúkọ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ orúkọ ìpínlẹ̀ kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ti ọkọ̀ òfúrufú kò le tó bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ Delta ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1925 pẹ̀lú bàálù tó ń da oògùn sórí oko òwú láti pa kòkòrò. Delta odò Mississippi, níbi tí oko òwú pọ̀ sí, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1928, ọdún 2007 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Èkó. Kò sí ẹni tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì Atlanta kó bá ara rẹ̀ ní Asaba. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti hàn kedere bẹ́ẹ̀, ìjọra orúkọ kò ní wàhálà.

Wàhálà wà níbi tí ohun méjì bá súnmọ́ ara wọn, tí orúkọ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Ìpínlẹ̀ Delta àti Niger Delta kì í ṣe ohun kan náà, bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ rò bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Niger Delta kò sí ní ìpínlẹ̀ Delta, Bayelsa ló wà. Pọ́táàkọ̀, ní ìpínlẹ̀ Rivers, ni olú iléeṣẹ́ NDDC wà, ìyẹn àjọ tó ń mójútó ìdàgbàsókè Niger Delta. Òfin tó dá àjọ náà sílẹ̀ lọ́dún 2000 sì ka ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án: Abia, Akwa Ibom, Bayelsa, Cross River, Delta, Edo, Imo, Oǹdó àti Rivers. Kì í ṣe ìrísí odò ni òfin náà tẹ̀lé mọ́, epo rọ̀bì ló tẹ̀lé. Delta ti kúrò ní orúkọ ilẹ̀ onígun mẹ́ta, ó ti di orúkọ ibi tí owó ti ń jáde.

Kí òǹkàwé tún wo orúkọ kẹjọ nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn dáadáa. Oǹdó ni. Epo wà ní etíkun Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, nítorí náà ni ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ń gba nínú ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún, 13%, tí ìwé òfin ọdún 1999 ní kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí epo ń jáde nílẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Niger Delta nílé Yorùbá, bí ọ̀rọ̀ àlejò ni wọ́n ń sọ ọ́.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kan burú jọjọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọmọ Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí ibùdó epo Parabe tí iléeṣẹ́ Chevron ní lójú òkun, láti fẹ̀hónú hàn nítorí omi àti ilẹ̀ wọn tó ń bàjẹ́, àti nítorí iṣẹ́. Àwọn agbófinró fi bàálù hẹlikópítà débẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa méjì nínú wọn. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ ní San Francisco, níbi tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ti dá Chevron láre ní oṣù kejìlá ọdún 2008. Káàkiri ayé, ìròyìn Niger Delta ni wọ́n pè é. Mélòó nínú àwọn tó gbọ́ ọ ní Ìbàdàn tàbí Oṣogbo ló mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni àwọn tó kú? Títí di òní, òkun ṣì ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947, ilé àti iléèwé sì ti bá omi lọ.

Ajégúnlẹ̀ náà ti san nínú gbèsè yìí. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìlàjẹ àti àwọn Ijaw Àrógbò lọ́dún 1998, ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni àwọn méjèèjì wà, omi kan náà ni wọ́n ń mu, epo kan náà ló sì ń ba ẹja wọn jẹ́. Nígbà tó di 1999, àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá àti Ijaw dojú ìjà kọ ara wọn ní Ajégúnlẹ̀, ẹ̀mí àti dúkìá sì ṣòfò. "Ará Delta" ni wọ́n ń pe apá kan, bí ẹni pé apá kejì kò ní delta tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, àdúgbò náà ló yẹ kó mọ̀ jù. Daddy Showkey, olórin tó gbé orúkọ Ajégúnlẹ̀ ga ní àwọn ọdún 1990, ọmọ ìpínlẹ̀ Delta ni lóòótọ́. Samson Siasia, agbábọ́ọ̀lù tí Ajégúnlẹ̀ fi ń yangàn, ọmọ Bayelsa ni. Apẹja Ìlàjẹ tó ń gbé nítòsí wọn, ọmọ Oǹdó ni. Bí òfin bá ń ka àwọn tó ni Niger Delta, ó ka àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́dún 2008, Ààrẹ Umaru Yar'Adua dá iléeṣẹ́ mínísítà sílẹ̀ fún Niger Delta. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìdàgbàsókè gbogbo ẹkùn rọ́pò rẹ̀. NDDC ṣì wà ní tirẹ̀, owó sì ṣì ń wọlé fún un láti ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ àti àwọn iléeṣẹ́ epo. Bí àwọn aṣòfin láti ilẹ̀ Yorùbá bá ń fi ọ̀rọ̀ àjọ náà sílẹ̀ fún "àwọn ará Delta", ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni ará Ayétòrò.

Kò sí ẹni tó lè gba orúkọ lọ́wọ́ lẹ́tà, kò sì sí ìdí tí ìpínlẹ̀ Delta fi gbọ́dọ̀ yí tirẹ̀ padà. Ohun tó kù ni kí olùkọ́, oníròyìn àti olóṣèlú máa pe ohun kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kún orúkọ rẹ̀, kí ẹni tó bá sì gbọ́ "Delta" kọ́kọ́ béèrè pé èwo ni. Awakọ̀ tó wà ní Coconut kì í gbéra láìjẹ́ pé ó ti béèrè bẹ́ẹ̀, torí ó mọ̀ pé bí òun bá ṣi orúkọ gbọ́, ẹrù òun kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.