BABA ẸGBẸ́ KÌ Í ṢE OLÓWÓ ẸGBẸ́



Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Pọ́bẹ̀ dé Àjàṣẹ́, kò sí àdúgbò tí àwọn ọmọ kì í ti í gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ tó, wọn a sọ ẹgbẹ́ wọn ní orúkọ, wọn a kọ ìwé, wọn a sì tọ àgbàlagbà kan lọ pé: “Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ṣe baba ẹgbẹ́ wa.” Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nìyẹn. Kí ni iṣẹ́ baba ẹgbẹ́? Kí ni ó yẹ kí ó ṣe, kí ni kò sì yẹ kí ó ṣe?

Àwọn kan a máa wí pé: “Eré ọmọdé ni bọ́ọ̀lù. Kí ni ti Ìjọ nínú rẹ̀?” Bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kò tijú láti fi àwọn tí ń sáré ìje kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì lẹ́kọ̀ọ́. Jean Bosco Mímọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ aláìní jọ ní ìlú Turin ní ọdún 1841, mọ̀ pé ọmọ tí a bá bá ṣeré ni yóò jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́. Àlùfáà kan nínú ẹgbẹ́ tí Jean Bosco dá sílẹ̀, Lorenzo Massa, wà ní ìlú Buenos Aires ní ilẹ̀ Ajẹntínà. Ó rí àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní ojú títì, níbi tí ọkọ̀ ti lè pa wọ́n. Ó ní kí wọ́n wá máa gbá a ní àgbàlá ìjọ, bí wọ́n bá ti lè máa wá sí Mísà ní ọjọ́ Ìsinmi. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ San Lorenzo ti jáde ní ọdún 1908, ẹgbẹ́ tí Baba Mímọ́ François, tí ó sùn nínú Olúwa ní ọdún 2025, fẹ́ràn láti kékeré.

Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà tí ó kọ́ wa ní ohun tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1887, ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, Frère Walfrid ti ẹgbẹ́ àwọn Marist dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Celtic sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìjọ Maria Mímọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ebi ń pa àwọn ọmọ aláìní ní àdúgbò náà: owó tí àwọn òǹwòran bá san ni a ó fi ra oúnjẹ fún wọn. Ní ọdún 1892, àwọn ọ̀gá rẹ̀ rán Walfrid lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó fi di ọdún 1897, ẹgbẹ́ náà ti di ilé iṣẹ́ òwò, oúnjẹ àwọn ọmọ kò sì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́. Ọdún 1995 ni ẹgbẹ́ náà tó dá àpò àánú sílẹ̀ padà. Ohun tí ó bá dúró lórí ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ẹni náà bá lọ ni í bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lọ́nà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun mẹ́ta.

Èkíní: ẹ̀bùn ọjọ́ kan kò tó tọ́ ẹgbẹ́. A mọ àwọn ọlọ́lá tí í ra aṣọ eré mọ́kànlá nígbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí wọn a kọ orúkọ ara wọn gàdàgbà sí ẹ̀yìn àwọn ọmọ. Ìdìbò a kọjá, aṣọ a gbó, a kì í sì í rí baba ẹgbẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ń jó, ọmọ ń fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, a sì ń san owó ọkọ̀ lọ sí ìlú kejì. Ẹ wò ó bí a ti ń dá àjọ. Bí ogójì ìdílé bá ń dá 500 fránkì lóṣooṣù, 20 000 fránkì ni lóṣù, 240 000 fránkì ni lọ́dún. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹni tí kò ní owó kò sì ṣàìní nǹkan: aránṣọ lè rán nọ́ńbà mọ́ aṣọ, awakọ̀ lè gbé àwọn ọmọ ní ọjọ́ Àìkú kan, ìyá alákàrà lè gbé omi tútù wá sí pápá. Olúwa wa kò ka ife omi tútù sí ohun kékeré. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bọ́ọ̀lù àwọn àgbà wúwo fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èyí tí a kọ 4 sí lára ni kí ẹ rà fún un.

Èkejì: kí ìwé wà. Kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí owó, kí a sì máa kà á jáde ní gbangba. Kí a kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti ọdún tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa. Èyí kì í ṣe àṣejù. Òfin FIFA ní kí a yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹgbẹ́ òkèèrè bá san lórí ẹlẹ́sẹ̀ ayò kan tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì pé, kí a pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Bí owó náà bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù fránkì, mílíọ̀nù márùn-ún ni a ó pín. Ẹgbẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀, tí ó sì ní àkọsílẹ̀, ni yóò rí tirẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọmọ tí ó ń dé ibẹ̀. A kò tọ́ ọmọ láti tà á.

Ẹ̀kẹta, èyí ni ó sì wúwo jù: ọmọ ni ó ṣáájú bọ́ọ̀lù. Bí alágbàtà kan bá wọ ìlú, tí ó ní òun yóò mú ọmọ yín lọ sí òkè òkun, kí ẹ ta ilẹ̀ tàbí àgbàdo inú àká kí ẹ fi sanwó, ẹ lé e padà. Òfin FIFA kan náà kò gba kí ẹgbẹ́ ilẹ̀ mìíràn gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀ràn díẹ̀ tí a là sílẹ̀. A ti rí ọmọ tí a fi sílẹ̀ ní ìlú àjèjì láìní ìwé, láìní owó ọkọ̀ padà wálé. Baba ẹgbẹ́ tòótọ́ ni ẹni tí yóò bèèrè ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó bèèrè iye góòlù, tí yóò sì jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin náà ní ọjọ́ tiwọn ní pápá. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ̀yin ará, olówó a máa wí pé, “Tèmi ni.” Baba a máa bèèrè pé, “Ṣé wọ́n ti jẹun? Ṣé wọ́n ti délé?” Bí àwọn ọmọ bá mú ìwé wọn tọ̀ yín wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dá ẹnì kan ṣoṣo lẹ́rù. Ẹ pe aládùúgbò yín mẹ́ta, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín.

Kí Jean Bosco Mímọ́ bá wa bẹ Olúwa fún àwọn ọmọ wa. Àlàáfíà Kristi kí ó wà nínú ilé yín.